Nígbà Tí Kọ̀ǹpútà Ilé Bá Ń Falẹ̀

  

Ìyá kan ni ó rán ìbéèrè sí wa. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wà ní yunifásítì, ó sì ń kọ mémoire rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà àlòkù kan tí bàbá rẹ̀ rà fún un, irú èyí tí a ń fi ọkọ̀ òkun kó wá láti Yúróòpù. Ìyá náà ní ẹ̀rọ yìí ti ń falẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé, láti ìgbà tí ọmọ bá ti tẹ bọ́tìnnì títí tí ojú ẹ̀rọ yóò fi ṣí, omi ẹ̀kọ yóò ti hó lórí iná. Ẹni tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní àdúgbò wọn wá wò ó, ó ní àwọn fáìlì inú rẹ̀ ti já sí wẹ́wẹ́, ó sì yẹ kí òun máa wá ṣe défragmentation fún un lóṣooṣù, kí wọ́n máa san owó fún òun. Ìyá náà béèrè pé: iṣẹ́ tòótọ́ ni èyí, àbí ọgbọ́n àtigbowó ni? Ó tún béèrè ohun tí ó dùn ún jù: fọ́tò bàbá rẹ̀ tí ó ti sùn nínú Olúwa wà nínú ẹ̀rọ yìí, kò sì sí níbòmíràn. Ṣé kò ní parẹ́ bí wọ́n bá fọwọ́ kan nǹkan?

Ìyá wa, iṣẹ́ tòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ni ó nílò rẹ̀, ẹ̀rọ tí ó sì nílò rẹ̀ lè ṣe é fúnra rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Nípa ti fọ́tò bàbá, ìdáhùn náà gùn díẹ̀. Ẹ fún wa ní sùúrù, a ó dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo inú ẹ̀rọ náà. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà tí ọjọ́ rẹ̀ ti pẹ́ díẹ̀, àpótí irin pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀ tí kò tóbi ju ìwé àdúrà kékeré lọ. Òun ni àwọn ọmọ wa ń pè ní disque dur. Dísìkì ni àwa yóò máa pè é níhìn-ín. Gbogbo ohun tí a bá kọ, fọ́tò tí a bá tọ́jú, orin tí a bá gbà sínú ẹ̀rọ, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé, iná ìbáà kú, wọn kì í sọnù. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti lo giramafóònù rí, ọ̀rọ̀ yìí yóò tètè yé yín ju àwọn ọmọ lọ. Nínú àpótí náà, àwo róbótó kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wà tí ó ń dán bí dígí, ó sì ń yí. Apá kékeré kan nà lé e lórí, ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń wá ibi tí ohun tí a fẹ́ kà wà. Ìyàtọ̀ kan ni pé abẹ́rẹ́ giramafóònù ń fara kan àwo, ṣùgbọ́n orí apá yìí kì í kan án rárá. Afẹ́fẹ́ ni ó gbé e dúró, àlàfo tí ó sì wà láàárín wọn kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ìrun orí ènìyàn kan fi nípọn jù ú lọ ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ìlọ́po. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í ṣí àpótí yìí nílé, tí a kì í sì í gbé ẹ̀rọ fì síhìn-ín sọ́hùn-ún nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́.

Àwo náà ń yí kíákíá. Nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká, ó sábà máa ń yí ìgbà 5,400 ní ìṣẹ́jú kan; nínú ti orí tábìlì, ìgbà 7,200. Kì í ṣe ohun àná. Ilé iṣẹ́ IBM ni ó gbé irú rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1956. Àwo 50 ni ó wà nínú èyí, fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan tó 61 sẹ̀ǹtímítà, gbogbo rẹ̀ sì ga bí kọ́bọ́ọ̀dù. Pẹ̀lú gbogbo títóbi rẹ̀, mílíọ̀nù 5 lẹ́tà péré ni ó lè gbà. Fọ́tò kan ṣoṣo tí ọmọdé bá fi fóònù yà lónìí lè kún un.

Báwo wá ni fáìlì ṣe ń já sí ègé-ègé? Ẹ ronú sí Mísà òru Kérésìmesì. Ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́wàá kan dé lẹ́yìn tí orin ìwọlé ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí bẹ́ǹṣì kan tí ó ṣófo tí ó lè gba àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Olùtọ́jú èrò kò lé wọn padà. Ó fi ẹni méjì sí iwájú lọ́dọ̀ akọrin, mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ òpó, ọ̀kan sí ẹ̀yìn ẹnu ọ̀nà, àwọn ìyókù sí òkè níbi tí àga bá kù sí. Gbogbo wọn ti wọlé, gbogbo wọn ti jókòó, kò sí èyí tí ó sọnù. Ṣùgbọ́n bí bàbá wọn bá fẹ́ kó wọn jọ kí wọ́n máa lọ sílé, yóò rìn yí gbogbo ilé ìjọsìn ká. Ìdílé kejì tí ó tètè dé, tí wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan, ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ni bàbá tiwọn yóò sọ tí wọn yóò fi dìde papọ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni dísìkì. A ti pín ojú àwo sí àwọn yàrá kéékèèké. Nínú Windows, yàrá kọ̀ọ̀kan sábà máa ń gba báìtì 4,096, fọ́tò kan tí ó jẹ́ mẹ́gábáìtì 4 yóò sì gba nǹkan bí 1,000 yàrá. Nígbà tí dísìkì ṣì jẹ́ tuntun, àyè pọ̀, fáìlì kọ̀ọ̀kan ń jókòó pa pọ̀. Lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì, a ti fi nǹkan sí i, a ti pa nǹkan rẹ́, a ti tún fi òmíràn sí i. Èyí tí a pa rẹ́ fi àyè kékeré sílẹ̀ níhìn-ín, òmíràn fi sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Fáìlì tuntun tí ó tóbi dé, kò rí àyè kan tí ó gbà á tán, a sì pín in sí ọ̀pọ̀ àyè. Fáìlì tí ń dàgbà ni ó tún burú jù. Mémoire ọmọ wa yìí, bí ó bá ti kọ ojú ìwé méjì lónìí, mẹ́ta lọ́la, àyè tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti lè bọ́ sọ́wọ́ fáìlì mìíràn kí ó tó padà dé, apá tuntun yóò sì lọ wá ibòmíràn. Windows ní ìwé orúkọ kan tí ó kọ ibi tí ègé kọ̀ọ̀kan wà sí, bí ìwé tí ó wà lọ́wọ́ olùtọ́jú èrò. Nítorí náà, fáìlì tí ó já sí ègé kò bàjẹ́, kò sì sọnù. Ó kàn tú ká ni. Kí ìyá wa fọkàn balẹ̀ lórí èyí. Ẹni tí ó bá sọ pé fáìlì “ti fọ́”, tí ó ń fi dẹ́rù bà yín, kò sọ ọ́ bí ó ti yẹ.

Kí ni títúká náà wá ń ná wa? Àkókò ni. Àwo tí ń yí ìgbà 7,200 ní ìṣẹ́jú kan ń yí ìgbà 120 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí apá bá fẹ́ ka ègé kan, yóò kọ́kọ́ sún dé ibẹ̀, yóò sì tún dúró kí àwo yí ègé náà wá sí abẹ́ rẹ̀. Sísún àti dídúró yìí, ní ìpíndọ́gba, jẹ́ nǹkan bí ìdá 13 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ ó ní kí ni èyí jẹ́? Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò rẹ̀. Bí fọ́tò mẹ́gábáìtì 4 yẹn bá wà lójú kan, dísìkì tí ń ka 100 mẹ́gábáìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan yóò kà á tán kí a tó ṣẹ́jú. Bí gbogbo 1,000 yàrá rẹ̀ bá tú ká lọ́kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú àáyá 13 ni apá yóò fi máa rìn kiri lásán. Lóòótọ́, ó ṣọ̀wọ́n kí fọ́tò kan tú ká tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń ṣí, kì í ṣe fáìlì kan ni ó ń kà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ fáìlì ni, díẹ̀ díẹ̀ níbí àti lọ́hùn-ún yóò sì di ìṣẹ́jú gbọọrọ.

Kíkó àwọn ègé wọ̀nyí jọ ni wọ́n ń pè ní défragmentation. Bí ẹni pé, lẹ́yìn Mísà, olùtọ́jú èrò bẹ àwọn ènìyàn pé kí ẹni yìí sún, kí ẹni yẹn dìde díẹ̀, títí ìdílé kọ̀ọ̀kan fi jókòó pa pọ̀, tí àwọn bẹ́ǹṣì tí ó ṣófo sì wà lójú kan fún àwọn tí ń bọ̀. Ní ọdún 1993, irinṣẹ́ fún iṣẹ́ yìí wà nínú MS-DOS 6. Ní ọdún 1995, Windows 95 ní tirẹ̀ tí ń fi àwọn àpótí kéékèèké aláwọ̀ mèremère han bí iṣẹ́ ti ń lọ, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó sì jókòó tì í, tí wọ́n ń wò ó bí ẹni ń wo fíìmù. Láyé ìgbà náà, ẹni tí ó ni ẹ̀rọ ni ó ní láti rántí. Láti ìgbà Windows Vista ní ọdún 2007 ni a ti fi iṣẹ́ náà sí abẹ́ àkókò, kí ẹ̀rọ máa ṣe é fúnra rẹ̀. Ti Windows 7, tí ó jáde ní ọdún 2009, ààgo kan òru ọjọ́ọjọ́rú ni a dá fún un. Láti Windows 8 ní ọdún 2012, ẹ̀rọ ń ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bá lò ó.

Ẹ̀yin náà ti lè rí ibi tí wàhálà wà. Ààgo kan òru! Nínú ilé wa, ta ni ó ń fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ lórí iná di ààgo kan òru? A ń pa á nítorí owó kúràn, a ń pa á nítorí ààrá, a ń pa á nítorí ẹ̀kọ́ tí àwọn òbí wa kọ́ wa pé a kì í fi iná sílẹ̀ lásán. Windows ń gbìyànjú láti ṣe iṣẹ́ náà nígbà mìíràn tí ẹ̀rọ bá sinmi lórí iná. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ṣí ẹ̀rọ fún wákàtí kan, tí ó ń tẹ̀ ẹ́ láìdákẹ́, tí ó sì pa á kíá nítorí bátìrì ti ń tán, kò fún un láyè ìsinmi rárá. Oṣù ń gorí oṣù, iṣẹ́ tí ó yẹ kí ó máa lọ fúnra rẹ̀ kò lọ. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí àwa wò ó pẹ̀lú ọwọ́ wa lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Kí a tó ṣe ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí á mọ irú dísìkì tí ó wà nínú ẹ̀rọ, nítorí oríṣi méjì ni ó wà, ọ̀rọ̀ wọn kò sì rí bákan náà. Oríṣi kejì ni wọ́n ń pè ní SSD. Kò sí àwo nínú rẹ̀, kò sí apá, kò sí ohun tí ń yí. Inú èérún kéékèèké tí ó jọ ti inú clé USB ni ó ń tọ́jú nǹkan sí. Bí ègé fáìlì wà nítòsí tàbí lọ́nà jíjìn, kò sí ìrìn tí ẹnikẹ́ni yóò rìn, nítorí náà kíkó wọn jọ kò fi bẹ́ẹ̀ mú èrè kankan wá. Àdánù ni ó wà níbẹ̀: èérún wọ̀nyí ń gbó díẹ̀ díẹ̀ bí a bá ti ń kọ nǹkan sí wọn tí a sì ń pa á rẹ́, kíkó gbogbo fáìlì láti ìhín dé ọ̀hún sì jẹ́ kíkọ púpọ̀ lásán. Windows òde òní mọ ìyàtọ̀ wọn. Bí ó bá rí SSD, iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n ń pè ní TRIM ni ó ń ṣe fún un, èyí tí ó ń sọ fún dísìkì pé àwọn àyè báyìí ti ṣófo. Ẹni tí ó bá ń gba owó lóṣooṣù láti ṣe défragmentation fún SSD, yálà kò mọ iṣẹ́ rẹ̀, tàbí ó mọ̀ ọ́n jù.

Bí a ṣe ń wò ó nìyí. Nínú Windows onífaransé tí ó wà nínú púpọ̀ ẹ̀rọ wa, ẹ tẹ ọ̀rọ̀ défragmenter sí ibi tí a ti ń wá nǹkan nísàlẹ̀ ojú ẹ̀rọ. Ohun tí yóò jáde ni Défragmenter et optimiser les lecteurs. Ẹ ṣí i. Ẹ ó rí dísìkì kọ̀ọ̀kan, irú èyí tí ó jẹ́, ọjọ́ tí iṣẹ́ náà wáyé lórí rẹ̀ kẹ́yìn, àti ipò tí ó wà. Bí ẹ bá rí SSD lẹ́gbẹ̀ẹ́ C:, ẹ pa á dé, ọ̀rọ̀ yín ti parí níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ disque dur, ẹ wo ọjọ́ náà. Bí ó bá ti ju oṣù kan tàbí méjì lọ, ẹ̀rọ yín wà lára àwọn tí kò rí ìsinmi. Ẹ tẹ Analyser, yóò sì sọ fún yín ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ti tú ká. Nígbà ayé Windows 7, ìmọ̀ràn Microsoft fúnra wọn ni pé bí ó bá ti ju 10 nínú 100 lọ, kí a kó o jọ. Bí ó bá jẹ́ 2 tàbí 3, ẹ fi í sílẹ̀. Àwọn ènìyàn kan wà tí ọkàn wọn kò ní balẹ̀ àfi bí wọ́n bá rí òdo. Wàhálà lásán ni. Ègé tí ó bá ti tóbi tó mẹ́gábáìtì 64, Windows fúnra rẹ̀ kì í yọ ara rẹ̀ lẹ́nu lórí rẹ̀, nítorí ìrìn kan péré láàárín irú ègé ńlá bẹ́ẹ̀ kò ní ìpalára tí ènìyàn lè fura sí.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì tẹ Optimiser. Àkókò ti tó láti sọ̀rọ̀ fọ́tò bàbá.

Ìyá wa, ẹ gbọ́. Iṣẹ́ yìí kì í pa fáìlì rẹ́. Windows ń kọ ègé sí ibi tuntun tán ná kí ó tó yí ohun tí ó wà nínú ìwé orúkọ padà. Nítorí náà, bí kúràn bá lọ láàárín, ohun tí ó wà níbi àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀. Ewu ibẹ̀ wà lára dísìkì tí ó ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀. Défragmentation ń mú kí apá ṣiṣẹ́ fún wákàtí púpọ̀ láìsinmi, láti eteetí àwo dé àárín. Dísìkì tí ara rẹ̀ dá yóò gbà á. Èyí tí ó ti ń kú lọ lè kú sórí iṣẹ́ náà, gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ a sì bá a lọ. Ẹ fetí sí ẹ̀rọ yín ní alẹ́ nígbà tí ilé bá dákẹ́. Bí ẹ bá ń gbọ́ kà, kà, kà, bí ẹni ń fi èékánná kan pátákó, tí fáìlì kan tí ó ń ṣí lánàá kò ṣí mọ́, tí ẹ̀rọ sì ń dúró gbagidi láìsí ìdí, ẹ má ṣe défragmentation o. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe é fún yín. Ẹ kó fọ́tò àti mémoire jáde lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ tó ronú ohun mìíràn.

Àní bí kò tilẹ̀ sí ariwo kankan, kíkó nǹkan jáde ni ó gbọ́dọ̀ ṣáájú. Clé USB kan tàbí dísìkì ìta kan, ẹ da gbogbo ohun tí ẹ kò ní lè rí rà lọ́jà sí i: fọ́tò, mémoire, ìwé ìṣirò àjọ, ìwé ìbí àwọn ọmọ tí ẹ ti ya. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti dà á tán, ẹ ṣí díẹ̀ nínú rẹ̀ láti orí clé náà kí ẹ rí i pé ó ń ṣí. Mo rí ọ̀pọ̀ ìdílé tí wọ́n ní ẹ̀dà kan ṣoṣo fọ́tò àwọn òbí wọn, orí ẹ̀rọ tí àwọn ọmọ fi ń ta bọ́ọ̀lù orí kọ̀ǹpútà ni ó sì wà. Èyí kò dára. Ẹ̀dà méjì, ní ibi méjì. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí ọ̀kan wà nílé ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní ìlú mìíràn.

Lẹ́yìn èyí ni gbígbá ilé kàn. Kò sí ọgbọ́n nínú kíkó ìdọ̀tí jọ sójú kan lọ́nà tí ó wuyì. Àwọn fíìmù tí a ti wò tán, àwọn ètò tí ẹnikẹ́ni kò lò láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti dé láti Yúróòpù, ẹ yọ wọ́n. Ẹ má sì gbàgbé Corbeille, nítorí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ṣì ń gba àyè títí a ó fi dà á nù. Défragmentation fẹ́ àyè tí yóò fi ṣe ìṣípò, bí ẹni tí ń tún yàrá ṣe ti nílò ojúlé láti kọ́kọ́ kó àga sí. Nígbà Windows XP, ó kéré tán, 15 nínú 100 dísìkì ni wọ́n ní kí ó ṣófo kí iṣẹ́ tó lè ṣe dáadáa, ìṣirò náà sì ṣì dára láti tẹ̀ lé. Bí dísìkì bá kún fọ́fọ́, kíkó jọ kò lè mú ohun púpọ̀ wá.

Ó ku ìbéèrè bóyá dísìkì ní àléébù. Nínú Ce PC, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún eku tẹ C:, ẹ yan Propriétés, ẹ lọ sí Outils, ẹ tẹ Vérifier. Bí ó bá ní kò sí àṣìṣe, ẹ padà sí ibi tí a ti wà, ẹ wá tẹ Optimiser. Ó lè gba ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sì lè gba wákàtí mélòó kan, bí dísìkì bá ti tóbi tó àti bí ó bá ti tú ká tó. Ẹ so kọ̀ǹpútà alágbèéká mọ́ iná kí bátìrì sì ti kún, kí délestage tó dé bá a. Ti orí tábìlì tí kò ní onduleur, ẹ yan àkókò tí kúràn ń dúró ní àdúgbò yín, ẹ má sì ṣe é ní ọ̀sán tí òjò ti ṣú. Bí ó ti wù kí Windows ṣọ́ra tó, kò sí ẹ̀rọ tí ó fẹ́ràn kí iná bọ́ lójijì nígbà tí àwo ń yí. Dísìkì ìta tí a ṣe ní ọ̀nà FAT32 kò tilẹ̀ ní ìwé ìrántí iṣẹ́ tí NTFS inú ẹ̀rọ ní, tí ó fi ń tún ara rẹ̀ tò lẹ́yìn irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀, nítorí náà kí á túbọ̀ ṣọ́ra fún un. Bí ó bá di dandan kí á dá iṣẹ́ dúró, bọ́tìnnì ìdádúró wà níbẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ má kàn fa okùn yọ.

Ẹ máa ṣe èyí lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, tàbí nígbà tí ẹ bá ti pa nǹkan púpọ̀ rẹ́. Ó tó fún ẹ̀rọ ilé. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lè ṣe é bí ẹ bá fi hàn án lẹ́ẹ̀kan. Kí á má ṣe ṣépè fún ẹni tí ó wá tún un ṣe o. Ó lè jẹ́ pé nígbà tí òun kọ́ṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n owó oṣooṣù, rárá. Ohun kan tún wà tí a gbọ́dọ̀ bi í kí ó tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ: ṣé défragmenter ni ó fẹ́ ṣe, tàbí formater? Ọ̀rọ̀ méjèèjì jọ ara wọn létí ìyá àgbà, ṣùgbọ́n èkíní ń tún ìjókòó ṣe, èkejì ń lé gbogbo ènìyàn jáde kúrò nínú ilé ìjọsìn. Ẹ jẹ́ kí ó sọ èyí tí ó fẹ́ ṣe lójú yín, kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ fún un.

Ní ti fóònù àti clé USB, kò sí àwo nínú wọn, kò sì sí ohun tí défragmentation fẹ́ ṣe níbẹ̀. Àwọn ètò tí ń pariwo lórí fóònù pé àwọn yóò “kó o jọ” kí ó lè yára, ìpolówó ọjà ni wọ́n fẹ́ fi hàn yín. Àwọn tí ń lo Linux kò sábà nílò iṣẹ́ yìí, nítorí ọ̀nà tí ó ń gbà tọ́jú fáìlì ń fi àyè sílẹ̀ láàárín wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ Mac tí ó ní dísìkì alápá náà ti ń kó àwọn fáìlì kéékèèké jọ fúnra rẹ̀ láti ọdún 2003.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà so èso, ẹ lo aago. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ka iye ìṣẹ́jú láti ìgbà tí ẹ tẹ bọ́tìnnì títí ẹ̀rọ yóò fi ṣe tán láti ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ tún kà á. Bí ìṣẹ́jú márùn-ún bá di mẹ́ta, ó dára. Bí ó bá jẹ́ márùn-ún kan náà, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ègé fáìlì. Ó lè jẹ́ RAM tí ó kéré, ó lè jẹ́ fáírọ́ọ̀sì, ó lè jẹ́ ọ̀pọ̀ ètò tí ń dìde papọ̀ nígbà tí ẹ̀rọ bá ṣí, ó sì lè jẹ́ eruku ọyẹ́ tí ó dí fáànù tí ẹ̀rọ fi ń gbóná. Bí ilé bá sì ní owó díẹ̀ tí ó fẹ́ ná lórí irú ẹ̀rọ àlòkù bẹ́ẹ̀, dípò owó oṣooṣù yẹn, kí á fi í ra SSD kékeré kan rọ́pò dísìkì alápá. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ó ti pẹ́ ni ó ní àyè tí ó bá a mu gẹ́lẹ́, ìyàtọ̀ rẹ̀ ni ọmọ yóò sì kọ́kọ́ rí ju ti gbogbo ohun tí a ti sọ lónìí lọ. Kí ó ti kó mémoire rẹ̀ jáde ná, òun àti fọ́tò bàbá àgbà.